Lẹ́tà Ṣíṣí sí Èèpo Ẹ̀gẹ́ Ilẹ̀ Kétu

Ẹ̀yin Ọlọ́lá Èèpo Ẹ̀gẹ́, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìfaradà ewúrẹ́. Láti Kétu títí dé Pobè ní ilẹ̀ Benin, kò síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí tí a kì í bá yín lẹ́yìnkùlé, ẹ gun ara yín lórí, ẹ ń rùn, eṣinṣin ń bá yín ṣeré. A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín pọ̀ nínú wa, a ò sì ní sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́: ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe pamọ́ fún wa. Àwa tá a jọ ń gbé, a rò pé oúnjẹ ẹran lásán ni yín. Àfìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tú àṣírí. Lọ́dún 2003, Horsfall àti Abia ti Yunifásítì Port Harcourt gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Water Research pé pàǹtí ẹ̀gẹ́ ń fa kádímíọ̀mù àti síǹkì kúrò nínú omi. Àwọn mìíràn ti dán irú yín wò lórí òjé náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le: wọ́n á fọ èèpo, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú omi. Lára yín ni àwọn àyè kéékèèké kan wà tí háídírójìn ń gbé. Bí irin olóró bí òjé bá dé, háídírójìn á kó jáde fún un, bí ayálégbé tí onílé lé nítorí olówó. Irin á wọlé, á sì jókòó síbẹ̀. Irú ẹ̀bùn yìí, ẹ sì dákẹ́ sórí àkìtàn!

Ẹ sì tún máa ń ṣa omi. Bí omi bá kan jù, háídírójìn á pọ̀ débi pé kò ní kúrò nínú ilé, ẹ ò sì ní lè di nǹkan kan mú. Bí omi bá gba inú òkúta ẹfun kọjá, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á ti gba àyè kí òjé tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ wo lẹ rò pé ẹ wà? Ṣé kì í ṣe ní agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ní Onigbolo fún símẹ́ńtì? Omi tí wọ́n pò nínú yàrá ìwádìí lẹ gbójú lé. Níbí, omi jìn nínú ilẹ̀, òjò orí páànù sì ni ilé púpọ̀ ń gbè sínú kòtò àti àgbá. Èyí tí ẹ kò bá bá wa fọ̀ níbẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ jẹ́ n yé pọ́n yín lé ná. Ìwọ Èèpo, òjé tí o bá gbé mì, níbo lo máa tú u sí? Kì í jóná, kì í jẹrà. Ewúrẹ́ tó bá wá jẹ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òjé ló jẹ, ẹni tó bá sì jẹ ewúrẹ́ náà ńkọ́? Wọ́n ní ásíìdì lè fọ irin kúrò lára rẹ. Ó dáa, ta ni yóò wá gba omi ásíìdì yẹn? O ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.



Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwàdà lásán ni. Òjé dára lọ́wọ́ olórìṣà Ọbàtálá, kò dára nínú ọmọ ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kó ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítòsí ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀, tí òjé wà nínú rẹ̀, sórí ilẹ̀, ó yẹ kí ojú wà lára omi.

Nítorí náà, dìde lórí àkìtàn. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè wà ní Kétu níbí, kò jìnnà sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n fi omi àgbá wa gan-an dán ọ wò, kí wọ́n sì wá ibi tí wọ́n máa sin ọ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bá Èèpo ka lẹ́tà rẹ̀, ẹ má tíì lọ da èèpo sínú àmù o. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé sísè: sísè ń pa kòkòrò, kì í mú òjé kúrò. Ẹni tí ara bá ń fu sí omi rẹ̀, kó bu díẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò.