Fáíbà Kì Í Gbàgbé

Igi ni mo ń sá fún tí mo fi ní fáíbà ni mo fẹ́. Igi ń mu omi. Ikán ń jẹ ẹ́ lórí ilẹ̀, kòkòrò ọ̀sà ń lu ú nínú omi, ọdọọdún lẹ ó sì máa ha á, tí ẹ ó máa dí ojú ihò, tí ẹ ó tún un kùn. Fáíbà kò ní wàhálà yẹn. Ohun tí wọn kò sọ fún mi, tàbí tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́, ni pé kí ọkọ̀ fáíbà kan ṣoṣo tó jáde, odidi ọkọ̀ igi lẹ máa kọ́kọ́ kàn, ẹ ó sì kàn án dáadáa ju èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ.

Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ìgbòkun tó kó sí mi lórí ni Lightning. Olin Stephens, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó ya Ranger, ọkọ̀ tó borí nínú ìdíje America's Cup lọ́dún 1937, òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ya Lightning lọ́dún 1938 fún àwọn akànkọ̀ kan ní Skaneateles, ní ìpínlẹ̀ New York. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀, èèyàn mẹ́ta ló sì ń tù ú. Ìdí rẹ̀ kò rí roboto. Igun wà níbi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ìsàlẹ̀, èyí ló jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe akànkọ̀ lè kàn án lẹ́yìnkùlé. Ó ti lé ní 15,000 tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé. Igi ni ti ìbẹ̀rẹ̀, fáíbà ló wá pọ̀ jù nígbà tó yá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1932, náà ń fi irú rẹ̀ díje l'Èkó.

Inú ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú ni mo wà ní Sátidé kan tí mo rí ìgbòkun wọn. Wọ́n ń sáré lórí omi láìní ẹ́ńjìnì, láìra epo. Akáǹtì wo ló máa rí nǹkan tó ń sáré tí kì í mu epo, tí ọkàn rẹ̀ kò ní fà sí i?

Mo wá ìwé àwòrán rẹ̀ rí. Òfin irú ọkọ̀ yìí ni pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó lè jẹ́ pé ọgbọ́n atukọ̀ ni yóò borí, kì í ṣe àpò rẹ̀. Wọ́n máa ń wọn ìrísí rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n: kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju pọ́n-ùn 700 lọ, ìyẹn kílò 318. Lórí ìwé náà, wọ́n kọ bí egungun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀, irú bíi 2-6-7. Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà kẹ̀! Mo ti délé. Mo ka èyí sí ẹsẹ̀ bàtà 2, ínǹṣì 6.7. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo yí i sí mìlímítà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo tilẹ̀ buwọ́ lù ú.

Àwọn akànkọ̀ Amẹ́ríkà kì í pín ínǹṣì sí mẹ́wàá. Mẹ́jọ ni wọ́n ń pín in sí. 7 tó kẹ́yìn yẹn, ìdá méje nínú mẹ́jọ ni, kì í ṣe méje nínú mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní mìlímítà 4. Níbi tí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá ti jẹ́ òdo, n kò ṣì í rárá. Níbi tó bá ti jẹ́ 7, egungun ọkọ̀ mi rù.

Bàbá káfíńtà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò ka ìwé kankan. Ó mú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tẹ̀, ó nà án mọ́ àwọn egungun náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó dijú kan, ó wò ó.

"Ẹńjìníà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "pátákó yìí ò fara kan egungun kẹrin. Kò fara kan ìkẹfà náà."

"Bàbá, ohun tí ìwé sọ nìyẹn, sà."

"Ìwé ò bọ́ sómi rí."

"Ẹ ṣáà bá mi kàn án bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ lowó."

Bí àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ bá sọ irú rẹ̀ fún èèyàn, ó yẹ kéèyàn jókòó kó ronú. Èmi lọ ra pátákó afárá sí i.

Nígbà tí pátáànì igi náà parí, a kùn ún, a fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Orí rẹ̀ la máa tẹ́ fáíbà lé láti fi ṣe mọ́ọ̀dù. Inú mọ́ọ̀dù yẹn ni ọkọ̀ gan-an yóò ti jáde. Kí fáíbà má bàa lẹ̀ mọ́ pátáànì, ìda lẹ ó fi pa á lára, tó bá gbẹ ẹ ó dán an, ẹ ó tún un pa, léraléra. Mo wo iye tí wọ́n ń ta agolo ìda, mo pa á lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọ̀jọ́ta ni mo ti ra rẹ́sìn, oje tó ń di fáíbà mú. Ìyá tó tà á fún mi kó nǹkan mẹ́ta síwájú mi: rẹ́sìn, àti kóbáàtì pẹ̀lú kátálíìsì tó ń mú un dì. Ó ní mi ò gbọdọ̀ da kóbáàtì àti kátálíìsì pọ̀ lójú ara wọn, pé ó lè gbiná. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó tún ní kátálíìsì kò gbọdọ̀ ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pé bí oòrùn bá mú kí n dín in kù. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún? Báǹkì wo ló ń gba irú èlé kékeré bẹ́ẹ̀? Mo fi mẹ́rin sí i, nínú ike tó kún dẹ́nu, lágogo méjì ọ̀sán, nínú oṣù Ẹ̀rẹ́nà.

Rẹ́sìn tó bá ń dì máa ń gbóná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tètè tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ooru rẹ̀ á fọ́n ká. Nínú ike, kò ríbi gbà. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ara ike rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì mi sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀, kò ṣe é fà yọ mọ́. Òórùn rẹ̀ wọ gbogbo ilé. Àlàjá tó ń gbé lókè yọjú.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń sè?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn láti ojú fèrèsé: "Owó oúnjẹ ni, mà."

Mo ra rẹ́sìn mìíràn, a fi tẹ́ mọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yọ pátáànì kúrò nínú rẹ̀, a gbá igi sẹ́nu rẹ̀, a da omi sí i láàárín. Apá ọ̀tún tú. Apá òsì kọ̀. Bàbá mú ṣíṣẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. A fi èyí tó kù dáná. Bóyá ni wọ́n ti fi igi tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ se ẹ̀wà rí n'Ìkòròdú. Àpá ńlá kan sì kù sínú mọ́ọ̀dù.

Ọmọkùnrin kan tó ti ń bá wọn tún ọkọ̀ èrò fáíbà ṣe ló wá ràn mí lọ́wọ́ láti tẹ́ ọkọ̀ gan-an. Ó ní bí máàtì, ìyẹn aṣọ fáíbà, bá jẹ́ kílò kan, kí rẹ́sìn jẹ́ bíi kílò méjì àti díẹ̀, kí n sì fi rólà tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tó bá ti kọ ẹ̀yìn, màá tún bu rẹ́sìn sí i, kó lè lágbára. Kò sí agbára nínú rẹ́sìn bẹ́ẹ̀. Máàtì ló ni agbára. Rẹ́sìn kàn ń dì í mú ni, èyí tó bá pọ̀ jù di ẹrù. Ẹ má sì jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yún tí fáíbà ń fà. Mo ju aṣọ iṣẹ́ mi sínú aṣọ iléèwé àwọn ìbejì, ni tíṣà wọn bá ránṣẹ́ pe ìyá wọn pé ṣé ara àwọn ọmọ yá.

Ọkọ̀ jáde, ó ń dán gbinrin. A gbé e sí oòrùn. Ní egungun kẹrin, kòtò. Ní ìkẹfà, kòtò. Bàbá fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ọmọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, àpá. Ká ní igi ni, à bá fi ráńdà fá a. Fáíbà ti há gbogbo rẹ̀ sórí. A gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n bá wa wọ̀n ọ́n: ara ọkọ̀ lásán, láìsí òpó, láìsí ìgbòkun, ti ju kílò 318 tí ọkọ̀ tó pé pérépéré kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù lọ.

A ta ìgbòkun lórí ọ̀sà lọ́jọ́ tí atẹ́gùn dára. Ọkọ̀ náà gbéra tìjàtìjà. Apẹja kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa nínú ọkọ̀ igi, àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun rẹ̀. Ó bá wa, ó kọjá wa, ó wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ́ńjìnì yín ló kọṣẹ́ ni?"

Nígbà tí a délé, ọmọkùnrin yẹn ní, "Ọ̀gá mi, mọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀ o. Bá a bá mú méjì sí i jáde, gbogbo wọn á dọ́gba."

Òótọ́ ló sọ. Kòtò kan náà, àpá kan náà, ìwúwo kan náà: òfin ìdọ́gba pé. Bí a bá ń bá ara wa díje, mo lè borí. Mo ti ń ṣírò iye rẹ́sìn nígbà tí ìyàwó mi gba kakulétọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì, ta ló fẹ́ tu méjì yòókù?"

Mo ní òun ni, àti Bàbá.

Bàbá ní kò burú, bí àwa bá lè jẹ́ kí òun fi igi kan tòun.