Ta Ni Santo?

(Ìrọ̀lẹ́ ni, ní ibùdókọ̀ Ìgàndó. Mufu ń wá èrò tí yóò kún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ Ìkòtún. Bàbá Atukọ̀ jókòó lábẹ́ agboòrùn alágbo.)

MUFU: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Atukọ̀. Ẹ bá mi wo fídíò yìí. Ará Kúbà ni wọ́n, ìlù bàtá ni wọ́n ń lù, ṣùgbọ́n "santo, santo" ni wọ́n ń pariwo. Ta ni santo?

BÀBÁ ATUKỌ̀: Èwo nínú wọn? Èdè Sípéènì ni. Ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ló ń jẹ́ santo. Tí wọ́n bá fi orúkọ ẹni mímọ́ kan sọ ọ́, ọjọ́ ọdún rẹ̀ ni santo tìrẹ, wọ́n á kí ọ.

MUFU: Ìyẹn ò le.

BÀBÁ ATUKỌ̀: Ṣé o rò pé ó tán? Tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lọ́kàn mi lójijì, wọ́n á ní santo mi ló bá ọ̀run lọ. Omidan tó dàgbà tí kò rí ọkọ fẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ kí ó máa wọṣọ fún santo ló kù fún un.

MUFU: Ẹnu wọn mà burú o! Kí àbúrò mi má gbọ́.

BÀBÁ ATUKỌ̀: Tí o bá tò sílé epo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á ní gbogbo ọjọ́ santo lo fi tò. Ìbínú nìyẹn, kì í ṣe ìwà mímọ́. Àmọ́ ti Kúbà yàtọ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí oko ìrèké, ọdún 1886 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ tán. Ìsìn Àgùdà ni wọ́n fi dandan lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹrú náà wo Làsárù elégbò tòun ti ọ̀pá rẹ̀, wọ́n ní Ọbalúayé nìyí. Wọ́n rí Santa Bárbara: aṣọ pupa, idà lọ́wọ́, àrá ló sì pa bàbá rẹ̀ tó bẹ́ ẹ lórí.

MUFU: Háà! Ṣàngó! Ó wá di obìnrin?

BÀBÁ ATUKỌ̀: Lójú pẹpẹ ni. Tí bàtá bá ti dún, ọkọ Ọya ni. Ẹni tí wọ́n bá ní ó "ṣe santo" níbẹ̀, adóṣù ni. Ọdún kan gbáko ni yóò fi wọ funfun látorí dé ẹsẹ̀, ìyàwó ni wọ́n ó máa pè é, ìbáà ṣe ọkùnrin.

MUFU: Ọkùnrin onírùngbọ̀n?

BÀBÁ ATUKỌ̀: Ìyàwó òrìṣà. Ṣé a kì í pè é bẹ́ẹ̀ nílé ni?

MUFU: Ó ku èrò kan! Bàbá, ta wá ni ti inú fídíò yìí?

BÀBÁ ATUKỌ̀: Pupa àti funfun ni wọ́n wọ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe ọdún Santa Bárbara lọ́dọọdún. Ṣàngó ni.