Páànù Bàbá Onílé

Ìyá Ìbejì, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ogiri ilé yìí létí. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti Bọ̀dá Télọ̀? Ó lé lọ́dún kan tó ti san owó ilé gbẹ̀yìn! Bí Bàbá Onílé bá kanlẹ̀kùn, á ní òun wà nínú àwẹ̀. Àwẹ̀ wo, tí òórùn ẹja díndín ń gba ojú fèrèsé jáde? Èmi ni mo dẹ̀ yá a lóróró tó fi dín in, kò tíì dá a padà. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Lọ́yà ti sọ fún Bàbá pé Èkó ní òfin ayálégbé láti ọdún 2011. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, tí ẹ ò bá jọ ṣe àdéhùn mìíràn, nọ́tíìsì oṣù 6 ni ẹ ó fún un, ẹ ó tún fún un ní ti ọjọ́ 7, ẹ ó tó gba kóòtù lọ. Bàbá fárí gá. Oṣù mẹ́fà kẹ̀! Ṣé omi làwọn ó máa mu sùn ni? Kí n má purọ́, àánú wọn ṣe mí níbẹ̀yẹn. Owó yàrá wọ̀nyí náà ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àmọ́ onínúfùfù ni wọ́n. Wọ́n pe káfíńtà pé kó ṣí òrùlé Télọ̀. Káfíńtà gòkè, ó ní, “Bàbá, páànù yìí gùn dé orí yàrá tiyín o.” Bàbá ní, “Ṣí i!” Ó ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòjò dé. Télọ̀ ti ta tapólì bo máṣíìnì rẹ̀. Ibùsùn Bàbá rin gbingbin.

Lọ́yà tún sáré dé, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi tipátipá lé ayálégbé: ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Káfíńtà tún gòkè padà. Owó ìṣí, owó ìkàn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Wọ́n ti wá kọ nọ́tíìsì gidi báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn níbẹ̀. Léèsì tí Ìyá Onílé fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn ṣì wà lọ́wọ́ Télọ̀, kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ní òru àná, mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀: “Jọ̀ọ́ ọmọ mi, má tíì kó lọ o.”

Télọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ìránṣọ ná.