Dádì Ò Fẹ́ Kọ Ìwé Ìhágún

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Ìyàwó kan níbí ní DeSoto, ní Texas, rọra sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ kọ ìwé ìhágún." Bàbá fò dìde: "O ti ra pósí mi pamọ́ ni?" Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ obìnrin náà mọ́. Ó ń lọ ra ìrẹsì kiri Hampton Road bí àpọ́n. Àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà jọ ń bá fà á! Háà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ikú kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ìbàdàn ni. Àwọn ọmọ méjì kan ń bẹ ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n jọ ọ́ débi etí, ìwé ìhágún a sì máa ní kéèyàn dárúkọ ọmọ. Kò mọ̀ pé àìkọ ọ́ gan-an ló máa tú àṣírí. Bí ọkùnrin bá kú ní Texas láìkọ ìhágún, tó sì lọ́mọ níta, ìdajì tirẹ̀ nínú ohun tí tọkọtaya jọ ní, àwọn ọmọ ni òfin gbé e fún, tilé tìta. Bí ọ̀rọ̀ bá sì délé ẹjọ́ pé ta ni àrólé, adájọ́ á yan lọ́yà kan láti ṣojú àwọn àrólé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Lọ́yà o! Lójú mọ́mì, lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì!

Bẹ́ẹ̀ àpẹẹrẹ àgbà tó tètè ṣètò ilé rẹ̀ ò jìnnà sí wa: Bíṣọ́ọ̀bù T. D. Jakes, nínú Dallas níbí. Ní Nóvẹ́ńbà 2024, bó ṣe ń parí ìwàásù ni àìsàn ọkàn kọlù ú lójú ìjọ. Nígbà tó fi di Júláì 2025, ó ti fa ṣọ́ọ̀ṣì Potter's House tó dá sílẹ̀ ní 1996 lé ọmọ rẹ̀ Sarah àti ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Dádì wa gbọ́ ọ, ó ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ó yí tẹlifíṣọ̀n sí bọ́ọ̀lù.

Dípò ìhágún, owó gbọ̀ngàn ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀; ó ti san án. Léèsì aláwọ̀ wáìnì laṣọ ẹbí. Ìyàwó ní òun ò ní rà á. Èmi ti san tèmi ṣá.