Alága àti Àwọn "Recalcitrant" Rẹ̀

Ẹgbẹ́ onílé tí kò ní irú alága yìí ṣọ̀wọ́n. Fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá kan, fáìlì abẹ́ apá rẹ̀ kì í sì í ṣí lójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí Alága kì í jẹ́ kí ìpàdé parí láìsọ: recalcitrant. Ẹni tí kò san owó ọlọ́dẹ, recalcitrant ni. Ẹni tó san án tó sì béèrè rìsíìtì, recalcitrant ni. Ìyá tó ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ owó tiransifọ́mà sókè, òun ni olórí gbogbo wọn.

Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, gìgísẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀: ẹranko tó ń fi pátákò tàpá. Àwa náà kúkú ń sọ pé ènìyàn tàpá sófin. Àmọ́ ẹ wò ó, Yorùbá kì í ṣíwọ́ lórí "tàpá"; ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó tàpá sí. Gẹ̀ẹ́sì Alága gbà á lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti fẹ̀hónú hàn láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá pè wọ́n ní olóríkunkun lásán kò tíì sọ nǹkan kan. Owó orí ni wọ́n tàpá sí, àti agbára tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lé Aláké, ọba wọn, lọ́wọ́. Gbàrà tí a bá ti dárúkọ ìyẹn, ẹjọ́ yí padà. Lọ́dún 1949, Aláké náà, Ọba Adémọ́lá, ló fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kì í ṣe àwọn obìnrin ló fi ọjà sílẹ̀.

Wọ́n lè ní aláìgbọràn gidi kò tán láyé. Òótọ́ ni! Ẹni tí ọlọ́dẹ ń ṣọ́ fẹ́ǹsì rẹ̀ mọ́jú tí kò fẹ́ san kọ́bọ̀, ojú ló yẹ kó tì í. Ṣùgbọ́n èyí kò gba Látìn rárá. "Ó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ oṣù mẹ́ta" ti tó, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ ọ. Àlàyé ni Alága kò fẹ́ ṣe, nítorí bó bá ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò kan ti ẹni tó béèrè ìṣirò owó, yóò sì di dandan kó ṣí fáìlì. Wọ́n ní orúkọ Alága gan-an kò sí lára àwọn tó san owó gọ́tà. Kò tíì sí ẹni tó bi í. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ tí yóò sọ wọ́n.