Oríkì 223,138, Ọmọ Ọ̀kẹ́ Mọ́kànlá

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nọ́ńbà ńlá! 223,138, a-gùn-bí-ọ̀nà-Parakou, ìwọ tí wọ́n ń kà tí ẹnu ń gbẹ! Ọdún 2013 ni wọ́n ka àwọn ará kọ́múùnù Tchaourou ní ilẹ̀ Benin, láti Tchatchou dé Bétérou, láti Kika dé Goro. Ìwọ lo jáde nínú ìwé, o sì ń fẹ àyà bí àkùkọ tó gun orí ààtàn.

Ọ̀kẹ́ mọ́kànlá, ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ogóje ó dín méjì! Àpò owó ẹyọ mọ́kànlá ni wọ́n ì bá fi gbé ọ láyé àtijọ́, ẹgbàá mẹ́wàá nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá ṣa ìyókù nílẹ̀. Ọlọ́lá tí kò lè ra gàrí kóńgò kan, mo kí ọ.

A-ṣòro-pín! A kó ọ dà sílẹ̀ bí iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A ní kí ìyàwó mẹ́ta pín ọ: ẹyọ kan ṣẹ́kù, wọ́n ti ń wo ara wọn tìjàtìjà. Mẹ́rin pín ọ, méjì ṣẹ́kù. Márùn-ún, mẹ́ta. Mẹ́fà, mẹ́rin. Ẹyọ méjì péré tó dín ni kì í jẹ́ kó kárí! Boni Yayi, ọmọ bíbí Tchaourou, wà lórí àga ààrẹ lọ́dún tí wọ́n kà ọ́. Gbogbo agbára ìjọba kò rí iṣu méjì fi kún ọ.

Ta ni kò mọ ìdílé rẹ? Sọ 59 di ìlọ́po 61, ó di egbèjìdínlógún ó dín kan. Sọ ìyẹn náà di ìlọ́po 62, ìwọ rèé gìrìgìrì. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta, mọ́kànlélọ́gọ́ta, méjìlélọ́gọ́ta: agboolé ọgọ́ta ni gbogbo wọn. Ọgọ́ta fúnra rẹ̀ dà? Àga rẹ̀ ṣófo láàárín wọn. Wọ́n ní ó wọkọ̀ lọ sí Parakou láàárọ̀. Ọmọ ilé-ìwé tó ń fi Faransé kà ọ́ kò lè fura, torí àádọ́ta àti mẹ́sàn-án ni Faransé ń pe 59. Yorùbá ló tú ẹbí yín síta. Àní ọdún tí wọ́n kà ọ́ gan-an, ìbátan yín ni: 61 lọ́nà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni 2013. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Olówó orí ìwé, má bínú sí mi. Ká ní ìyá kan bí ìbejì ní Alafiarou kí wọ́n tó pa ìwé dé, 223,140 ni ò bá máa jẹ́. Àwọn ìyàwó ì bá pín iṣu wọn láìjà, ọgọ́ta ì bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Parakou kó wá jókòó sáyè rẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ló yẹ kí wọ́n tún ọ ṣe. Wọn ò tètè dé.