Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ewé

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abúlé kan ní Ìbàràpá ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, Màmá gbọ́ràn ju bó ti yẹ lọ: kí ilẹ̀ tó ṣú, agolo iyọ̀ ti di ti aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n padà lọ lóṣù kejì, ẹ̀jẹ̀ ti ru sí i. Màmá ní ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ni kò pé.

Mo yà kí wọn, mo bá wọn nídìí ààrò. Ìlasa ń hó nínú ìkòkò kékeré kan tí àwọn nìkan yóò jẹ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Màmá tú hóró magí kan, wọ́n rún un sí i. Wọ́n tú èkejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, wọ́n lá bébà rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú síná.

"Màmá, iyọ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ kẹ̀? Àlàó, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Orúkọ yòówù kó wà lára bébà, magí ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. Hóró tó wọn gíráàmù 4, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Ẹ bá mi ṣírò hóró mẹ́rin.

Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà: àgbà ní ọgbọ́n tí kì í hàn síta. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ gan-an ti ń wọ ọ̀rá báyìí, ewé eéran ti di àwátì. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ́ ti bọ́ síta, inú páálí ló wà, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, rédíò sì ń kọ ọ́ lórin láràárọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni Màmá ṣì ń fi pa mọ́, abẹ́ ẹní ló wà. Ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn ni wọ́n ń yọ hóró kan lò. Wọ́n ní kí ni ẹni tára rẹ̀ le ń foògùn ṣe? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lè má fọ́ ẹnikẹ́ni lórí, títí di àárọ̀ tí apá kan kò ní gbé mọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an rèé. Àwọn olùṣèwádìí kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwa aláwọ̀ dúdú, láti Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá títí dé Jàmáíkà àti Amẹ́ríkà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 33 ló ní in ní Amẹ́ríkà, 16 péré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa ọmọ ìgboro wo àwọn ará abúlé tára wọn le báyìí, àánú wọn ṣe wá! A ní ìyà ló ń fi ìlasa bọ́ wọn. A kó ẹran inú agolo, núdù àti ohun mímu aládùn sí bùútù mọ́tò, a ní a ń lọ tọ́jú màmá.

Páálí magí tó wà nídìí ààrò yẹn ńkọ́? Èmi ni mo rà á lọ́dún Kérésì.

Nígbà tí mo ń padà lọ, Màmá di irú pẹ̀tẹ̀ sínú ewé fún mi, wọ́n ní ẹ̀yin ará Èkó kì í rí nǹkan gidi jẹ. Ìyàwó mi ló tú u nílé. Lábẹ́ ewé, láàárín irú, hóró magí méjì jókòó pẹ̀lú bébà lára, kí ọbẹ̀ wa lè dùn.